“N Ò Rí I” Kọ́ Ni “Kò Sí”

Gbólóhùn méjì kan wà nínú èdè wa tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ lójoojúmọ́, tí a kì í sábà kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Ọ̀kan ni “n ò rí i.” Èkejì ni “kò sí.” Bí ìyá bá rán ọmọ pé kó lọ mú ọ̀bẹ wá nílé ìdáná, tí ọmọ náà padà dé tó ní “kò sí,” ìyá á kọ́kọ́ bi í pé, “Ṣé kò sí ni, àbí o ò rí i?” Gbogbo wa la ti jìyà ìbéèrè yìí rí. Ìyá mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni ọmọ dúró sí tó nawọ́ ojú wọlé. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wá dìde lọ, tó bá ọ̀bẹ lábẹ́ àwo, ọ̀rọ̀ di ti ìgbájú. Kì í ṣe nítorí pé ọmọ ò rí ọ̀bẹ ni wọ́n ṣe ń gbá a létí o. Nítorí pé ó ní kò sí ni.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé kọ̀ǹpútà tó ń wá nǹkan nínú àkójọ kò lè sọ ju “n ò rí i” lọ. Àwa èèyàn la máa ń sọ ọ́ di “kò sí.” Nígbà tó bá sì jẹ́ pé orúkọ èèyàn là ń wá, irọ́ ni, ó sì yẹ kí ẹnì kan jíhìn fún un. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa á ní kí ló pa ewì àti ìtàn àròsọ pọ̀ mọ́ Java. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ògì wà níwájú, Ifá náà ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà lè fo ìpínrọ̀ yìí. Java jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èdè tí èèyàn fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ló gbé e jáde ní 1995, Oracle ló wá ra Sun ní 2010. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí èèyàn bá ní àkójọ kan tó sì fẹ́ ṣa nǹkan nínú rẹ̀, ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ ló máa kọ ọ́: bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, wò ó, bó bá bá a mu, mú un sọ́tọ̀, bọ́ sórí ẹni kejì, títí wọ́n á fi tán. Nígbà tí Java kẹjọ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2014, wọ́n fi nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní stream kún un. Stream, ìyẹn odò kékeré tó ń ṣàn. A ó da àkójọ bí ẹni da omi, a ó gbé asẹ́ sójú ọ̀nà rẹ̀, a ó sì gbé igbá dè é nísàlẹ̀. Asẹ́ yẹn ló ń jẹ́ filter. Ẹ wo bó ṣe rí:

akekoo.stream().filter(a -> a.oruko().equals(eniTiMoNWa)).findFirst();

Ìlà kan ṣoṣo. Ó ń sọ pé: mú àkójọ akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ kó máa ṣàn, bi ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹni tí mò ń wá, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mú un wá fún mi. Ó dùn ún kọ, ó sì dùn ún kà. Ká sọ tòótọ́, ó wù mí ju ti àtijọ́ lọ.

Odò yìí ní ìwà tirẹ̀. Bí o bá to asẹ́ mẹ́wàá léra wọn láì gbé igbá sísàlẹ̀, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, omi ò ní kán. Ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè fún èsì ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Bó bá sì ti ṣàn lẹ́ẹ̀kan, ó tán nìyẹn. Bí o bá fẹ́ tún bu níbẹ̀, Java á pariwo lé ọ lórí pé wọ́n ti lo eléyìí. Àmọ́ orísun rẹ̀, ìyẹn àkójọ tí o kọ́kọ́ ní, wà níbẹ̀ láìyẹsẹ̀. Asẹ́ kì í pa ẹnikẹ́ni rẹ́ kúrò nínú àkójọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni ọ̀rẹ́ mi kan fi ń bá mi jiyàn, màá sì padà sórí rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ògì. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé nǹkan méjì ló ń jáde lára àgbàdo tí wọ́n lọ̀. Èyí tó gba ojú aṣọ kọjá sínú abọ́ ni ògì. Èyí tó kù lórí aṣọ ni èérí. Ìyá ológì kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá èérí kiri, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ó ń pò ó, ó ń fún un, ó ń rí i. Bí ẹ̀rọ ò bá lọ àgbàdo kúnná, ara èérí ló ti máa kọ́kọ́ mọ̀. Á ní, “Háà, eléyìí ṣì lógì nínú,” á sì dá a padà lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Bó bá wá jẹ́ èérí lóòótọ́, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ á jẹ ẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí obìnrin yẹn lè sẹ́ ògì kó má mọ bí èérí òun ṣe pọ̀ tó.

Filter ti Java kò ní èérí. Kì í ṣe pé ó dà á nù, ó kàn jẹ́ pé kò gbé e síbì kankan ni. Ẹni tí asẹ́ bi léèrè tó dáhùn “bẹ́ẹ̀ kọ́” kò ní igbá, kò ní ìlà, kò sì ní ohùn. Ká ní asẹ́ mẹ́ta ló tò léra, ọ̀kan ń wo ẹni tó ti sanwó, èkejì ń wo ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹta ń wo mákì. Èyí wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú ọ? Asẹ́ ò sọ. Kò tilẹ̀ sọ pé ó mú ọ. Èsì tó jáde nísàlẹ̀ á mọ́ tónítóní, á tò lẹ́sẹẹsẹ, á sì jọ pé iṣẹ́ ti parí. Ìmọ́tótó yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ kan láti fi wò ó. Adébáyọ̀. Lójú tiwa, orúkọ kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ mẹ́rìndínlógún, mi ò sì sọ àsọdùn. Unicode ni wọ́n ń pe ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú rẹ̀, é olóhùn òkè lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ méjì, ìyẹn e lásán tí wọ́n gbé ohùn lé lórí. Bákan náà ni á. Ti ọ̀ tó gbẹ̀yìn ló le jù, torí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ rárá, àfi ká tò ó pọ̀. O lè mú ọ kí o gbé ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. O lè mú ò kí o fi àmì sábẹ́ rẹ̀. O lè mú o lásán, kí o kọ́kọ́ fi ti abẹ́ kó tó kan ti orí, tàbí kí o kọ́kọ́ fi ti orí kó tó kan ti abẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ wá ṣírò ó: méjì lọ́nà méjì, lọ́nà mẹ́rin, 16. Lórí bébà, kò sí ẹni tó máa mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì tó wà lọ́wọ́ yín yìí ò lè sọ fún yín èyí tí mo lò. Ṣùgbọ́n equals, tó wà nínú ìlà tí mo kọ lókè, àmì kọ̀ọ̀kan ló ń kà. Bí ẹni tó kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ bá gba ọ̀nà kan, tí ẹni tó ń wá a gba ọ̀nà mìíràn, asẹ́ á ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Àwọn tó ń ṣe Java kò gbàgbé eléyìí. Láti Java kẹfà, tó jáde ní 2006, ni nǹkan kan tó ń jẹ́ Normalizer ti wà nínú rẹ̀, òun ló ń sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún yẹn di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ asẹ́ ló máa rántí pè é, ẹni tí orúkọ tirẹ̀ sì ń jẹ́ John lè ṣiṣẹ́ ogún ọdún láìrí ìdí tó fi yẹ kó rántí. Kò tíì tán síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi àmì róbótó sábẹ́ ọ, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán là ń fi síbẹ̀. Lójú Unicode, àmì mìíràn gbáà nìyẹn, Normalizer ò sì ní sọ ọ́ di ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó rí róbótó. Ìyẹn ni pé èèyàn lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kó pe Normalizer, kí Adébáyọ̀ kan ṣì bọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan á ní, ṣebí ká kúkú bó gbogbo àmì ọ̀hún dànù, kí gbogbo wa máa jẹ́ Adebayo? Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Àmọ́ asẹ́ tí ihò rẹ̀ fẹ̀ jù á jẹ́ kí èérí bá ògì lọ. Bó àmì lára Òjó wò. O ò mọ̀ mọ́ bóyá ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ ni, àbí òjò tó ń rọ̀, àbí ojo tí ẹ̀rù ń bà. Mo mọ Òjó kan ní ilé-gbígbé wa tí ọ̀rọ̀ yìí ò ní dùn mọ́ nínú rárá.

Ìgbà tí orúkọ bá sì ti wá jọra, findFirst á dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá ìbéèrè mu ló ń mú, á sì dúró síbẹ̀, kì í wẹ̀yìn. Bí Adebayo méjì bá wà, ẹni tó wà lókè ìwé ni ayé rí, ẹni ìsàlẹ̀ dẹni tí wọn ò bi léèrè rárá. Findfirst ní ìbátan kan tó ń jẹ́ findAny. Ìyẹn ò tilẹ̀ ṣèlérí pé ẹni àkọ́kọ́ lòun máa mú, èyí tọ́wọ́ òun bá sáà ti bà. Bó bá jẹ́ ìṣó là ń wá nínú agolo ìṣó, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ìṣó kan kò sàn ju ìkejì lọ. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ ìyá tó máa gbà kí wọ́n fi findAny wá ọmọ òun.

Bí asẹ́ kò bá wá rí ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn lẹ́nu mi jù. Kí stream tó dé, ohun tí ètò Java sábà máa ń dá padà fún ẹni tó wá nǹkan tí kò rí ni null, ìyẹn òfo. Null kì í ṣàlàyé. Ó lè túmọ̀ sí pé kò sí, ó lè túmọ̀ sí pé a ò tíì wá a, ó sì lè túmọ̀ sí pé ẹnì kan gbàgbé láti kọ ọ́. Tony Hoare, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé òfo yìí wọ inú èdè ALGOL W ní 1965. Ní 2009, ó dìde láàárín àwùjọ, ó sì ní àṣìṣe tó ti jẹ tó bílíọ̀nù dọ́là kan ni. findFirst kò dá null padà. Optional ló ń dá padà, ẹ ṣáà máa rí i bí àpòòwé: ó lè ní nǹkan nínú, ó sì lè ṣófo, ìwọ tó gbà á lo máa ṣí i wò.

Àpòòwé òfìfo yìí ń wù mí, torí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Kò sọ pé ẹni tí ẹ ń wá kò sí láyé. Ohun tó ń sọ ni pé: nínú àkójọ tí ẹ gbé fún mi, pẹ̀lú ìbéèrè tí ẹ ní kí n bèèrè, n ò bá ẹnikẹ́ni pàdé. Ọmọ tó ti ilé ìdáná bọ̀ tó sì sọ òótọ́ nìyẹn. Àkójọ lè má pé, ìbéèrè sì lè wọ́. Àpòòwé ò mọ̀, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀.

Ojú fèrèsé ni irọ́ ti ń wọlé. Ẹ mọ fèrèsé tí mò ń wí, kò sí ẹni tí kò tíì tò síbẹ̀ nínú wa. Ẹni tó kọ ètò á ti kọ ọ́ pé, bí àpòòwé bá ṣófo, gbé gbólóhùn yìí jáde: orúkọ yìí kò sí. Akọ̀wé tó jókòó á kà á sí ẹni tó dúró létí: “Orúkọ ẹ ò sí.” Akẹ́kọ̀ọ́ náà, tó ti sanwó, tó mú rìsíìtì dání, tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀la, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òun wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: ó ń ṣàlàyé pé òun wà! Èèyàn ẹlẹ́ran ara, tó jẹun kó tó jáde nílé, ń bá àpòòwé òfìfo jiyàn, àpòòwé ló sì ń borí.

Tó bá burú tán, ẹ bi wọ́n pé ta ló ni ọ̀rọ̀ náà. Akọ̀wé á ní kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ètò á ní ohun tí wọ́n ní kóun kọ lòun kọ. Ọ̀gá á ní òun ò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Gbólóhùn kan wà láyé báyìí, tó ń da ayé ẹnì kan rú, tí kò sì ní olóhùn. Lójú tèmi, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ “kò sí” sínú ètò náà ló kọ́kọ́ jẹ̀bi, torí òun nìkan ló mọ̀ dájú pé ohun tí asẹ́ rẹ̀ rí kò tó bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ di gbogbo rẹ̀ ru akọ̀wé. Èèyàn irinwó lè tò síwájú rẹ̀, wọn ò sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ àkójọ. Ṣùgbọ́n ó ní ojú. Ẹni tó ń wò yìí wà.

Ohun mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní orElse. Bí àpòòwé bá ṣófo, fi eléyìí rọ́pò. Ó wúlò gan-an, àmọ́ ó léwu. Bí mákì bá sọnù, fi òdo síbẹ̀. Òdo tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbà nínú ìdánwò àti òdo tí wọ́n fi dí ihò, ojú kan náà ni wọ́n ní lórí bébà. Null tilẹ̀ sàn jù ú lọ, torí ẹni tó bá rí ihò á mọ̀ pé ihò ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà nìkan nìyí o. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, èsì ìdánwò JAMB jáde. Nínú àwọn tó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì tó ṣe é, ó ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ tí wọn kò gba 200 nínú 400. Kíá làwọn àgbà ti bẹnu lé e: ọmọ ìwòyí ò kàwé mọ́, fóònù ló bà wọ́n jẹ́, èyí tí wọ́n ń jí wò látẹ̀yìn ni ò sí mọ́. Asẹ́ ṣáà ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó mọ ohun tí wọ́n kọ kò gbà, àwọn òbí wọn náà ò gbà, ariwo sì ta. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, wọ́n rí i pé àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n fi sórí gbogbo ẹ̀rọ kò dé orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún gúúsù ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ 14 oṣù yẹn, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jẹ́ 379,997, ní ibùdó ìdánwò 157. Wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe.

Mi ò sọ pé stream ló fa ìyẹn, ọ̀rọ̀ ètò tí wọn kò mú dé orí ẹ̀rọ ni. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni ibi tí àṣìṣe náà ti hàn. Ara àwọn tó gba 300 kọ́ ló ti hàn. Nínú èérí ni. Ká ní àwọn tó bọ́ sínú èérí ò lẹ́nu, ká ní wọ́n gbà pé àwọn ò mọ̀wé nítorí asẹ́ ní àwọn ò mọ̀wé, èsì yẹn ì bá dúró bẹ́ẹ̀ dòní. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kò sí lè gbà bẹ́ẹ̀ kó sì máa lọ sílé.

Bí mo ṣe ń ro eléyìí ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn babaláwo. Odù 256 ni wọ́n ní, ẹsẹ tó wà lábẹ́ wọn ò lóǹkà, orí ni wọ́n sì ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Àkójọ ńlá gbáà. Ní ìlànà àtijọ́, bí William Bascom ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1969, ẹni tó wá béèrè á sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó, babaláwo ò ní gbọ́ ọ. Dídá Ifá ló máa mú odù kan jáde nínú 256. Babaláwo á wá máa ki ẹsẹ tó mọ̀ nínú odù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló máa gbọ́ tirẹ̀, tó máa ní, “Èyí gan-an ni.” Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ẹni tó ni àkójọ kọ́ ló di asẹ́ mú, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dá Ifá. Ọgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan nínú àkójọ ni mò ń wò, mo sì rí i pé ní ojú fèrèsé tiwa, ẹni tí wọ́n ń wá orúkọ rẹ̀ gan-an ni ẹnì kan ṣoṣo tí kò láṣẹ láti sọ pé, “Èmi rèé.”

Ọ̀rẹ́ mi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan (ó ń kọ irú ètò yìí fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀) ní mo ń fi ọ̀rọ̀ kékeré dá ńlá sílẹ̀. Ó ní asẹ́ ò pa ẹnikẹ́ni, orísun wà níbẹ̀ digbí, ẹni tó bá fẹ́ kó padà lọ wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń padà lọ? Torí ká má baà máa wo orísun la ṣe kọ asẹ́. Ó tún ní bí a bá ń tọ́jú èérí ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣa nǹkan, iṣẹ́ ò ní parí láyé. Mo fara mọ́ ìyẹn díẹ̀. Bí mo bá ṣa ìwé tó ju ojú-ewé 300 lọ láti inú àkójọ ìwé, mi ò jẹ àwọn ìwé tó kù ní gbèsè kankan, wọn ò ní tò sójú fèrèsé. Èèyàn lọ̀rọ̀ mi dá lé. (Ewì ńkọ́? Ẹ̀yin olóòtú ìwé yìí, níbo lẹ ń kó èérí ewì wa sí? Mo kàn ń béèrè ni.)

Ká má sì fi gbogbo ẹ̀bi ka ẹ̀rọ lórí, àwa náà ń ṣe é. Ẹ gbọ́ bí àwọn ọ̀rẹ́bìnrin wa ṣe ń sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́: “Kò sí ọkùnrin gidi mọ́ jàre.” Kí ni wọ́n fi sẹ́ wọn? Ó gbọ́dọ̀ ga, ó gbọ́dọ̀ lówó, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run, kò gbọdọ̀ jẹ́ ará ìlú báyìí. Asẹ́ mẹ́rin léra wọn, wọ́n tún fi findFirst sí i. Àwọn ọkùnrin náà ń kọ́? Tiwọn tilẹ̀ burú jù, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́.

Java fúnra rẹ̀ ní irinṣẹ́ tó mọ èérí. Collectors.partitioningBy lórúkọ rẹ̀, inú Java kẹjọ yẹn náà ló ti bá filter dé. Ìbéèrè kan náà ló ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ igbá méjì ló ń gbé kalẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ true, èkejì ń jẹ́ false, kò sì sí ẹni tó máa bọ́ sáàárín wọn. Kò gùn ju filter lọ láti kọ. Bí gbogbo ènìyàn bá tilẹ̀ bọ́ sínú true, igbá false á ṣì jáde, òfìfo, èèyàn á lè ṣí i wò.

Nígbà tí mo fi èyí han ọ̀rẹ́ mi, ó ronú títí, ló bá bi mí pé, “Ta ló máa rí inú igbá false yẹn? Ṣé kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ni, kí gbogbo ẹ̀ka mọ ẹni tí kò tíì sanwó?” Ó bá mi níbẹ̀. Ìyá ológì kì í gbé èérí rẹ̀ lọ sọ́jà lọ pàtẹ. A jọ sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ibi tí a fàbọ̀ sí ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí tirẹ̀ nìkan, àti asẹ́ tó mú un, kó sì ní ẹnì kan tó lè lọ bá tí yóò padà lọ wo orísun. Ta ni ẹni náà máa jẹ́ la ò tíì yanjú.

Ní ti gbólóhùn ojú fèrèsé, mo ní kó yọ “orúkọ yìí kò sí” kúrò, kó fi “a ò rí orúkọ yìí nínú àkójọ tó wà lọ́wọ́ wa” rọ́pò rẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti gùn jù, kò ní wọ inú àpótí tí òun yà sójú kọ̀ǹpútà. Ó ní òun á wo bí òun ṣe máa fẹ àpótí náà.